Àwọn Tí Ń Gbé Igun Kejì

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kejì ọdún 2094, ọkọ̀ ojú omi kan wá sí Igun Kejì. Ọjọ́ Ẹtì ni. Ọkọ̀ tó wá kẹ́yìn ṣáájú rẹ̀ gbé káfíńtà wá ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹjọ ọdún 2086, ó sì gbé e padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọdún méje àti oṣù mẹ́fà dín ọjọ́ mẹ́rin ló wà láàárín ọkọ̀ méjèèjì. Ní gbogbo àkókò yẹn, èèyàn kankan kò jókòó tì mí.

Mo ń rán àwọ̀n nígbà tí mo gbọ́ ìró rẹ̀. Òfin kò gbà kí a dẹ àwọ̀n sínú ọ̀sà mọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀n tí a kò bá rán, eku á jẹ ẹ́. Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, mo sì dìde. Ọkùnrin kan tó lé ní àádọ́ta ọdún, tí orí rẹ̀ pá, ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ó fi ìbòmú funfun bo imú àti ẹnu, ó sì gbé àpótí kan lé ẹsẹ̀. Bó ṣe ń gun àkàsọ̀ ilé mi, orúnkún rẹ̀ kan dún, ó sì ké pe Ọlọ́run.

"Ẹ káàsán o, Màmá."

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ rọra o, pákó kẹta ti jẹrà."

"Èkejì tí mo dúró lé yìí náà kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìgbàgbọ́." Ó di òpó mú, ó gòkè, ó sì mí kanlẹ̀. "Dáṣọfúnjọ lorúkọ mi. Èmi ni akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Àjùmọ̀sọ. Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Àwọn yòókù wo?"

"Àwọn ará ilé yín. Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀ ní méje-méje, kí n lè so ẹ̀gbà mọ́ wọn lọ́wọ́ kó tó di aago méjì. Ìjókòó òní ni ìjókòó kọkàndínlógún, òun náà sì ni ìkẹyìn. A ní láti ní ẹ̀gbà gbogbo olùgbé lákọsílẹ̀."

Ó ṣí àpótí náà. Ẹ̀gbà ọwọ́ ló kún inú rẹ̀, gbogbo wọn funfun bí ẹyin. Tọwọ́ èmi ti di eérú láti ọdún 2081, ó sì di dúdú ní 2085. Bí òjé bá ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn ni ẹ̀gbà ṣe ń dúdú tó. Mo ti gbàgbé pé funfun ni wọ́n máa ń wà tẹ́lẹ̀.

"Mélòó lẹ kó wá?" ni mo bi í.

"Mẹ́tàlélógójì. Ó pé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì."

"Èmi nìkan ló ń gbé ibí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ má fi mí ṣeré, orúnkún mi kò gba eré. Oúnjẹ èèyàn mẹ́tàlélógójì ni ẹyẹ irin ń gbé wá síbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ta ló ń jẹ ẹ́?"

Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá fún un. Àpò gàrí ló kún ibẹ̀ láti ilẹ̀ dé abẹ́ páànù, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti hu. Ó yọjú sí wọn, ó sì yíjú padà sí mi.

"Mo sọ fún Olùgbọ́, ẹ̀rọ yín tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa lórí omi, pé ó pọ̀ jù," ni mo wí. "Ìgbà tí mo sọ ọ́ gan-an ló tún lé sí i."

"Kí lẹ sọ? Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún un gan-an."

"Mo ní, ẹ dín gàrí yìí kù, wọn kì í jẹ gàrí púpọ̀."

Ọ̀gbẹ́ni Dáṣọfúnjọ jókòó sórí àpò kan. Ó fa wàláà rẹ̀ yọ, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohùn rẹ̀ dà bíi ti ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ ilé-ìwé ní òwúrọ̀.

"Igun Kejì. Obìnrin kan. Àwọn tí kì í jẹ gàrí púpọ̀, méje. Àwọn tí ń wúkọ́ ní ìdájí, méje."

"Àwọn wo?"

"Ibí ni mo ti ń kà á. Àwọn tí ń rán àwọ̀n, méje. Àwọn tí inú ń bí bí òjò bá rọ̀, méje."

Mo di férémù ilẹ̀kùn mú. Ó ń kà á lọ, kò gbójú sókè.

"Àwọn tó ń fi ọkọ̀ gbé obìnrin yìí lọ sí ilé-ìwé alẹ́, méje."

"Ẹ dúró," ni mo wí. "Wọ́n nìyẹn."

"Ta ni wọ́n?"

"Ọkọ mi."

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín gidi, ó ń fi ọwọ́ lu àpò gàrí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà tán ní ẹnu rẹ̀. Ó wo ìsàlẹ̀ wàláà náà, ó sì fi ọwọ́ bò ó.

"Ó ku ẹyọ kan," ni mo wí. "Ẹ kà á."

"Òun ló kọ́kọ́ kọ sílẹ̀. Ọjọ́ kẹrin oṣù kìn-ín-ní ọdún 2088." Ó tọ́ ètè rẹ̀ lá. "Àwọn tó ti sùn, méje."

Mo rántí ọjọ́ náà. Olùgbọ́ fúnra rẹ̀ ló lúwẹ̀ẹ́ wá láti òdìkejì ọ̀sà, ó tóbi tó agbada ìdíngàrí, àwọ̀ rẹ̀ rí bíi ti ìbẹ́pẹ tó pọ́n, ó sì ní etí bí ìkarahun. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí i níkùn: ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó dúró níwájú àkàsọ̀ mi, ó sì bi mí pé ta ló kù nílé. Ìgbà yẹn, ó tó oṣù mẹ́rìndínlógún tí ohùn kankan kò bi mí léèrè ohunkóhun. N kò lè sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí. Mo ní, "Wọ́n ti sùn."

"Ta ló kọ́ ẹ̀rọ yìí ní Yorùbá?" ni mo bi akọ̀wé.

"Ìwé òfin ni wọ́n fi kọ́ ọ, àti ìwé ìròyìn. Kò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó ilé rí kó gbọ́ bó ṣe ń pe ọkọ rẹ̀." Ó ti wàláà náà sápò. "Bí èèyàn bá ti sọ pé 'wọ́n' tí kò sọ iye, agbo ilé kan ni lójú òfin, ìṣe tuntun kọ̀ọ̀kan sì ni agbo ilé tuntun. Agbo ilé kan, èèyàn méje. Àwa tí à ń gba ìwé rẹ̀ ní ọ́fíìsì, iye nìkan là ń wò."

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ níbí. N kò mọ̀ pé mẹ́tàlélógójì ni wọ́n kà wá sí. Ṣùgbọ́n bí àpò gàrí ṣe ń ga sí i lọ́dọọdún, mo mọ̀ pé àṣìṣe kan wà níbì kan. Mo sì ń bá a lọ láti máa sọ̀rọ̀ wọn lójoojúmọ́, ní ohùn tó dé etí omi. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.

"Àwọn ará Abà jẹ́ mọ́kànlélógójì," ni akọ̀wé wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Mo mọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ lórí ọ̀sà. Òjé tí ilé-iṣẹ́ afọ́bátìrì dà sínú odò ní òkè fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti jókòó sínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi wa. Àwọn akàn irin, ẹ̀rọ ìjọba tó ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi, lè kó ẹrẹ̀ náà kúrò, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọn yóò kó o sí, ibi tí amọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ le tí kò sì jò. Ibi méjì péré ló wà: Abà, níbi tí àwọn Ẹ̀gùn apẹja ń gbé, àti Igun Kejì. Èyí tí ẹrẹ̀ bá lọ, a óò bò ó mọ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní fẹsẹ̀ kàn án fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Òfin sì sọ pé ibi tí èèyàn bá pọ̀ sí, ẹrẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ síbẹ̀. Síbẹ̀, òfin kan náà sọ pé ibi méjèèjì gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara wọn gbà. Ìjókòó méjìdínlógún la ti jókòó, tí Abà ń sọ pé àwọn kò gbà. Bí tòní bá tún forí ṣánpọ́n, àwọn akàn yóò lọ sí ọ̀sà mìíràn, ẹrẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa sọ fún wọn?" ni mo bi í.

"Akọ̀wé kì í sọ̀rọ̀ ní ìjókòó. Ohun tó bá ti ẹnu olùgbé jáde nìkan ni a lè kọ."

"Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́?"

Ó wo ojú omi, níbi tí Olùgbọ́ ti ń mì lẹngẹ. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ojú mi kò dá ṣáṣá mọ́, Màmá. Bí ẹ bá fẹ́ kí n rí èèyàn mẹ́tàlélógójì níbí, mo lè rí wọn. Mo ti rí ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ ìjọba."

Mo bọ́ sí ẹ̀yìn ilé. Òkìtì ilẹ̀ kan ló wà níbẹ̀ tí igi àgbọn mẹ́ta hù lé lórí. Kò sí ilẹ̀ gbígbẹ mìíràn ní Igun Kejì. Níbẹ̀ ni èmi àti káfíńtà náà sin wọ́n sí. Inú rírun ló kọ́kọ́ mú wọn, ní oṣù kọkànlá ọdún 2083. Ní 2085, ọwọ́ wọn méjèèjì rọ láti ọrùn ọwọ́, wọn kò lè di abẹ́rẹ́ àwọ̀n mú mọ́. Èmi ni mò ń rán an, wọ́n á jókòó tì mí, wọ́n á ní, "Ojú yẹn fẹ̀ jù, ẹja tó gbọ́n á gbabẹ̀ lọ." Wọ́n kú ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún 2086, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba ti omi Igun Kejì pa, kí ọkọ̀ kankan má baà wọ̀ ọ́ mọ́.

Mo bi wọ́n pé kí ni kí n ṣe. Àgbọn mì. Àgbọn a máa mì bí atẹ́gùn bá fẹ́.

Ní aago méjì, iná aláwọ̀ ewé tàn lórí Olùgbọ́, iye wa sì hàn lára rẹ̀: mẹ́tàlélógójì. Akọ̀wé jókòó sórí pákó, ó na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún síwájú. Èmi jókòó sórí àkàsọ̀.

"Igun Kejì!" Láti inú Olùgbọ́, ohùn Ìyá Sènámi nìyẹn, olórí àwọn obìnrin Abà. N kò rí ojú rẹ̀ rí. Nínú gbogbo ìjókòó, òun ni mo bá jà jù, òun náà ni mo sì máa ń ka ọjọ́ láti gbọ́ ohùn rẹ̀. "Ẹ̀yin ará Igun Kejì, ẹ ṣì wà láàyè?"

"A wà o," ni mo wí. Akọ̀wé wò mí.

"Èèyàn tó pọ̀ bí eṣú, tí ohùn wọn kò ju ẹyọ kan lọ! Kí lẹ fi ń di àwọn yòókù lẹ́nu, gàrí?"

"Ẹ̀yin Abà, ariwo yín ló ń dí wa létí, a kò ráyè sọ̀rọ̀."

Mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ ọmọdé kan tó ń sunkún, tí ẹnì kan sì ń rẹ̀ ẹ́. Ìyá Sènámi dúró kí ẹ̀rín náà lọ sílẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, kò sí eré nínú ohùn rẹ̀ mọ́.

"A ti jókòó láàárín ara wa," ló wí. "Ọjọ́ mẹ́ta la fi sọ ọ́. Ọmọ mẹ́tàdínlógún ló wà ní Abà. Sènámi pé ọdún márùn-ún lánàá, òjé kò tíì jẹ́ kó lè pè mí ní ìyá. Bí àwọn ẹ̀rọ yìí bá lọ, àwọn tí a óò tún bí náà kò ní mọ ọ̀rọ̀ sọ. Òfin ni òfin. Ẹ fi èèyàn méjì jù wá lọ. Ẹ kó ẹrẹ̀ náà wá. Abà gbà."

"Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín," ló tún wí. "Àwọn òkú wa wà níbí. A kò lè kó wọn lọ sí ilé alájà tí ìjọba fẹ́ kó wa lọ. Kí ẹnì kan nínú yín máa wa ọkọ̀ dé etí Abà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó dúró lókèèrè, kó kí wọn. Ẹ pọ̀. Ẹ lè máa gbà á ṣe láàárín ara yín, kò lè wúwo jù fún yín."

"Abà gbà," ni Olùgbọ́ wí. "Igun Kejì, ẹ fèsì."

Ọ̀rọ̀ méjì péré ni. Mo kàn ní láti sọ pé, a gbà. Mo ní ilé mi, mo ní òkìtì mi. Mo tilẹ̀ lè máa wa ọkọ̀ lọ kí òkú wọn, n óò ṣe é dáadáa, n kò ní í yẹ ọjọ́. Mo la ẹnu. Mo rò nípa ẹni tí yóò máa bá mi gbà á ṣe.

"Wọ́n ti kú," ni mo wí.

Iná Olùgbọ́ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. "Èèyàn méjìlélógójì ti kú ní Igun Kejì," ló wí, gbogbo ọ̀sà sì gbọ́. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dárúkọ wọn."

Igbe ta ní Abà. Mo gbọ́ àwọn obìnrin tó ń sunkún ní èdè Ẹ̀gùn. Ọkùnrin kan ń kígbe pé kí wọ́n tú ọkọ̀, òfin tàbí kò sófin. Ìyá Sènámi ń ké pé, "Ìgbà wo? Ìgbà wo? Gbogbo wọn?"

"Rárá!" ni mo kígbe. "Wọn kò pọ̀! Ọkọ mi ni wọ́n!"

"Ọkọ méje," ni Olùgbọ́ wí. "Ẹ dárúkọ wọn."

Mo wo akọ̀wé. Ó ti fi ọwọ́ òsì bo ẹnu ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, omi wà lójú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó sì na ìka kan ṣoṣo. Ó fi ìka náà mì níwájú mi bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní òǹkà. Ẹyọ kan.

Ó yé mi ohun tí mo ní láti ṣe. Ọdún mọ́kàndínlógójì la fi jẹ́ tọkọtaya. N kò pe orúkọ wọn rí. A jà, ìjà gidi, ní ọdún 2061 mo sì kó lọ sílé ìyá mi fún ọjọ́ mọ́kànlá. Ní ọjọ́ mọ́kànlá yẹn pàápàá, n kò bú wọn débi kí n pè wọ́n ní ẹyọ.

"Adébámbọ̀," ni mo wí.

"Ẹ máa wí," ni Olùgbọ́ dáhùn.

"Òun." Mo tún un sọ. "Òun kì í jẹ gàrí púpọ̀."

Iye tó wà lára Olùgbọ́ yí padà. Ó di mẹ́rìndínlógójì.

"Ó máa ń wúkọ́ ní ìdájí." Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

"Òun ló ń rán àwọ̀n." Méjìlélógún.

"Inú máa ń bí i bí òjò bá rọ̀." Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Ọmọ tó ń sunkún náà ti dákẹ́.

"Ọdún mẹ́ta ló fi ń wa ọkọ̀ gbé mi lọ sí ilé-ìwé alẹ́, tí ó ń jókòó sínú ọkọ̀ títí tí a fi ń jáde, tí ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́." Mẹ́jọ.

Ó ku ọ̀kan. Mo rò pé mo lè fi èyí sílẹ̀. Mẹ́jọ kéré sí mọ́kànlélógójì, ẹrẹ̀ kò ní lọ sí Abà mọ́. Àǹfààní kankan kò sí nínú ọ̀kan tó kù yìí fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ ọ́ nítorí pé òun ni irọ́ tí mo kọ́kọ́ pa.

"Kò sùn," ni mo wí. "Ó kú."

Ọ̀kan.

Nígbà tí Ìyá Sènámi sọ̀rọ̀, kò pè mí ní ẹ̀yin mọ́.

"Ìwọ nìkan?"

"Èmi nìkan."

"Láti ìgbà wo?"

Mo sọ ọjọ́ náà fún un, mo sọ aago náà.

"Obìnrin yìí," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. "Obìnrin yìí, o jókòó sódìkejì omi yìí láti ọjọ́ yìí wá, ò ń bá mi tahùn síra bí ìlú tó ní ọmọ ogun. Gàrí wọn ńkọ́?"

"Ó wà níbí. Ó kún yàrá. Díẹ̀ ti hu."

"Olórí burúkú," ló wí. Mo gbọ́ pé ó ń sunkún, mo sì gbọ́ pé ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Kó èyí tí kò hu wá fún wa."

Olùgbọ́ ní òfin ti yí ibi tí ẹrẹ̀ yóò lọ padà. Ó ní, "Igun Kejì, ẹ fèsì."

"Mo gbà," ni mo wí.

Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ó so ẹ̀gbà funfun kan mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ̀gbà náà sì dúdú kó tó dé orí ìkọ́. Ó ti àpótí náà pa pẹ̀lú méjìlélógójì tó kù. Ní ọjọ́ kejì, èmi àti rẹ̀ kó gàrí sínú ọkọ̀ ìjọba mẹ́ta. Kò jẹ́ kí n gbé àpò kankan, orúnkún rẹ̀ sì ń dún ní gbogbo ìgbà tó bá bẹ̀rẹ̀.

Àwọn akàn dé ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún oṣù kejì. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, ẹrẹ̀ bo òkìtì náà. Wọ́n fún mi ní yàrá kan ní àjà kẹsàn-án, ní ìlú gbígbẹ. Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri rẹ̀ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó bi mí pé ta ló ń gbé ibẹ̀, mo sì dá a lóhùn pé èmi ni.

Ìyá Sènámi máa ń pè mí ní ọjọ́ Ẹtì. Omi Abà ti ń mọ́. Ní oṣù kẹwàá, ó ní Sènámi ti pe òun, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó sì ní kí n tẹ́tí. Mo tẹ́tí títí, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tún un sọ.

Ilé pákó kan, igi àgbọn mẹ́ta àti sàréè kan ni ohun tó sọnù ní Igun Kejì.